Fúláàtì òkè ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí páìpù èéfín bọ́ílà

Bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi àti ilé gbóná, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ yàn. Wọ́n á yan kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè ibi tí èéfín máa gbà jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní fúláàtì àjà kẹta tàbí kẹrin, tí àkàbà kò dé, tí èrò ń kọjá nísàlẹ̀, ẹnu páìpù ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè fún. Ibi tó bá gbà á níta ni yóò sọ ibi tí bọ́ílà máa wà nínú ilé.

Fún bọ́ílà alátẹ́gùn tí wọ́n ń lò báyìí, èyí tó ní fáànù tó ń ti èéfín jáde, ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà tó 300 mm sí fèrèsé èyíkéyìí tó ń ṣí. Fèrèsé tiwọn nìkan ni àwọn èèyàn sì máa ń wọ̀n, wọn kì í wo ti aládùúgbò tó wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ògiri kan bá kọjú sí i, kó jìnnà sí i tó 600 mm. Bó bá jẹ́ ẹnu páìpù mìíràn ló kọjú sí i, 1200 mm. Bí ẹnu méjì bá wà lórí ògiri kan náà, tí ọ̀kan wà lókè èkejì, kí 1500 mm wà láàárín wọn. Bí ìwé ìlànà tó bá bọ́ílà wá bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì yọ ọ́ sí bàlíkónì tí wọ́n ti fi gíláàsì dí, tàbí àárín ilé tóóró tí atẹ́gùn kì í fẹ́ dé. Èéfín máa padà wọlé ni.

Ìta ògiri fúláàtì kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ra fúláàtì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé náà, kó wà nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírílì. Ti àwọn ilé gogoro tí wọ́n fi pákó kọnkéré ńlá tò jọ tún yàtọ̀. Ní May 16, 1968, gáàsì bú gbàù lájà kejìdínlógún ní Ronan Point, Canning Town, igun ilé náà wó láti òkè dé ilẹ̀, èèyàn mẹ́rin sì kú. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ńjíníà ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe oníbọ́ílà. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 2000, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún asbestos, èròjà ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá páìpù èéfín àtijọ́ àti àjà ilé.

Àwọn ilé kan wà tí gbogbo fúláàtì ń lo ihò èéfín kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ẹ má gbé bọ́ílà lásán sí i. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ihò àjọlò yẹn nìkan ló lè lò ó.

Ní ti lílu ògiri, ẹ má rò pé dandan ni scaffold, ìyẹn irin tí wọ́n ń tò sára ògiri níta láti gùn. Àwọn páìpù kan wà tí wọ́n ń tì jáde láti inú ilé, tí rọ́bà ìdíhò wọn máa ń ká wọ inú ihò, á sì là sílẹ̀ níta. Àmọ́ ìwọ̀n ihò tó bá irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ mu ni kí ẹ lù, ẹ kà á nínú ìwé kí ẹ tó ra ojú dírílì. Páìpù fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 100 mm níta, 60 mm nínú. Ègé bíríkì tó máa yọ lára ògiri lè wọn kìlógíráàmù mẹ́rin, bó bá sì jábọ́ láti àjà kẹta, ó lè pa èèyàn. Ẹ fi okùn sé ìsàlẹ̀, kí ẹnì kan dúró tì í. Ẹ pa ìlù hámà tó wà lára dírílì, kó máa yí nìkan, ẹ dín agbára kù bó bá kù díẹ̀ kó lu jáde, kí ẹ sì fa ègé náà sínú ilé.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ páìpù ni àṣìṣe tí ojú kì í tètè rí. Omi máa ń dì nínú èéfín, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàn padà sínú bọ́ílà. Nítorí náà ẹnu ìta ló máa ga jù, nǹkan bíi 52 mm fún mítà kan, ìyẹn dìgírì mẹ́ta. Bí ẹ bá lu ihò gbọọrọ láìdàgẹ̀rẹ̀, omi kíkan yóò máa kán sórí ògiri àti sórí èrò, á sì di yìnyín nígbà òtútù. Ẹ̀yìn lílu ihò kò ṣe é tún ṣe mọ́.

Gígùn páìpù náà ń tan èèyàn jẹ. Élíbò 90, ìyẹn oríkèé tó tẹ̀ ní dìgírì 90, sábà máa ń jẹ nǹkan bíi mítà kan lára gígùn tí ìwé fàyè gbà, ti 45 sì máa ń jẹ ìdajì mítà. Bí ìwé bá ní mítà mẹ́fà, tí ẹ lo mítà márùn-ún gbọọrọ pẹ̀lú élíbò 90 méjì, ẹ ti kọjá ààlà nìyẹn. Ibi tí ẹ bá ti gé páìpù, ẹ fi fáìlì họ etí rẹ̀ kó dán, kí ẹ sì fi gírísì sílíkọ́ọ̀nù pa rọ́bà, torí etí mímú máa ń ká rọ́bà kúrò láyè rẹ̀. Èéfín á wá máa jò sínú afẹ́fẹ́ tí bọ́ílà ń fà.

Bí páìpù bá gba inú àjà, ìyẹn sílíǹgì yàrá, ẹ má sé e mọ́bẹ̀. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn àyẹ̀wò tó tó 300 mm níbùú àti lóròó, tí kò jìnnà ju mítà kan àtààbọ̀ lọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Láti January 1, 2013 ni oníṣẹ́ ti lè ní kí ẹ pa bọ́ílà bí kò bá sí ilẹ̀kùn náà. Páìpù kò sì gbọdọ̀ gba inú fúláàtì ẹlòmíràn kọjá.

Ẹni tó bá wà lórí ìwé Gas Safe, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tó gbàṣẹ, nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ bóyá bọ́ílà wà lára iṣẹ́ tó gbàṣẹ fún. Kó tó lọ, ẹ ní kó wọn ọ́síjìn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó bá dín sí 20.6 nínú ọgọ́rùn-ún, oríkèé kan ń jò. Láti October 1, 2022, dandan ni aago tó ń dún fún carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn, ní England bí ẹ bá fi bọ́ílà tuntun síbẹ̀. Oníṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi iṣẹ́ náà tó Gas Safe létí. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí tó bá dé, torí lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra fúláàtì náà lọ́jọ́ iwájú máa béèrè rẹ̀.