Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ inú orin rọ́ọ̀kì

Etí ló kọ́kọ́ máa ń ṣi àwọn tó ń tú orin lọ́nà. Má torí pé ọ̀rọ̀ kò já gaara kí o ní ìsọkúsọ ni. Bó ṣe rí fún "Louie Louie" nìyẹn, èyí tí ẹgbẹ́ Kingsmen gbà sílẹ̀ ní Portland lọ́dún 1963. Maikirofóònù wà lókè, akọrin ń nàgà sí i, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀, làwọn òbí bá ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ló ń sọ. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tọpa ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, wọ́n yí àwo náà kíákíá, wọ́n yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pàbó ló já sí. Orin atukọ̀ tí àárò olólùfẹ́ ń sọ ni Richard Berry kọ! Èébú tí wọ́n ní onílù ju sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 54, nígbà tí ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ ta sí FBI létí. Nítorí náà, ìwé orin tí ẹni tó kọ ọ́ fi sílẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùgbọ́ bíi tìrẹ ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Má sì rò pé ohun tí wọ́n yọ ni èèwọ̀ ibẹ̀. "Lola" ti ẹgbẹ́ Kinks, 1970, dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tó pàdé ọkùnrin tó múra bí obìnrin. Ìyẹn kọ́ ni BBC torí rẹ̀ kọ̀ láti gbé e sáfẹ́fẹ́. "Coca-Cola" tí wọ́n dárúkọ nínú orin náà ni, torí òfin wọn kò gba ìpolówó ọjà. Ray Davies, akọrin ẹgbẹ́ náà tó kọ ọ́, ní láti ti Amẹ́ríkà wọ bàálù padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kó lè fi "cherry cola" rọ́pò rẹ̀. Gbọ́ ti síńgù (àwo tí wọ́n gbé orin náà jáde lé lórí lọ́tọ̀), kí o gbọ́ ti álíbọ́ọ̀mù, wàá rí ìyàtọ̀.

Àwa tó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, kò yẹ kí "Suicide Solution" ti Ozzy Osbourne, 1980, rú wa lójú. "Solution" jẹ́ ojútùú, ó tún jẹ́ omi tí a po nǹkan mọ́: ọtí tó ń pa amutí ni wọ́n ń sọ. Bí o bá túmọ̀ rẹ̀ sí ojútùú nìkan, o ti sọ ọ́ di ìmọ̀ràn pé kéèyàn pa ara rẹ̀. Ẹ̀sùn yẹn dé kóòtù ní California, adájọ́ sì dà á nù.

Àlàfo wà tí a kì í dí. Nínú "Luka" ti Suzanne Vega, 1987 (àwọn kan ò ní pè é ní rọ́ọ̀kì), ọmọ tí wọ́n ń lù ló ń sọ̀rọ̀, kò dárúkọ ẹni tó ń lù ú. Bí o bá ń túmọ̀ rẹ̀, má fi "bàbá mi" síbẹ̀, má fi "ìyá mi" síbẹ̀. "Wọ́n" ni kí o lò: ó lè jẹ́ èèyàn púpọ̀, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ọmọ náà ṣì ń bọ̀wọ̀ fún.