Oúnjẹ Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Lálẹ́ Ni Eku Ń Jẹ Yó

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí nítorí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti onílé tó ń mú ẹjọ́ wá pé àwọn ra oògùn eku, àwọn dẹ tàkúté, síbẹ̀ ọkà àwọn ń dín kù. A kò ní í sọ̀rọ̀ lórí gbígbá àká tàbí dídí ihò, nítorí ẹ mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ni à ń bá níbi gbogbo: oúnjẹ ẹran ọ̀sìn máa ń sùn nínú ọpọ́n.

Òru ni ọ̀sán eku. Aago kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ń tún ṣe lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú ni aago náà ń jí i. Kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ló máa ń jẹun jù, yóò sì tún jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Eku ńlá kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 15 sí 25 lójúmọ́. Tí mẹ́wàá bá ń gbé inú àká yín, kílógíráàmù 4.5 sí 7.5 ni wọn yóò jẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́, láìka èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bà jẹ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tí oògùn rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ fún òru mẹ́rin láìsí pé eku fẹnu kàn án, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọpọ́n adìyẹ kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ sí oògùn náà, eku ti lá a mọ́ bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Eku tó ti yó, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe?

Ní wákàtí kan kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ da oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sínú agolo onídèérí, kí ẹ sì gbá abẹ́ ọpọ́n. Ẹ gbé tàkúté sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ibi tí ìjẹ wà kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dẹ ẹ́. Ẹ fi ìjẹ sí i lásán fún òru mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí eku ńlá máa ń bẹ̀rù ohun tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ gbogbo wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé ṣí wọn kiri láràárọ̀, ohun tuntun ni ẹ tún ń sọ wọ́n dà.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì, kó fi í sínú àpótí tí ọmọdé àti ẹran kò lè dé, kó sì ní sùúrù, torí ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni eku tó jẹ ẹ́ máa ń lò kó tó kú. Bí ẹ bá ń rí eku lọ́sàn-án gangan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pọ̀ débi pé oúnjẹ òru kò ká gbogbo wọn mọ́.

Ní àṣálẹ́, ẹ ku eérú lẹ́bàá ògiri, kí ẹ lọ wo ipa ẹsẹ̀ ní ìdájí. Bí ẹ kò bá rí ipa kankan, ẹ ṣì fi tàkúté sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí abo tó bá ṣẹ́ kù lè bímọ láàárín àkókò yẹn: ọjọ́ 21 sí 23 péré ni oyún eku ń lò.