Ojú àwọ̀n tí mi ò wò kí n tó sanwó

Inú ṣì ń bí mi o. Owó tí mo tọ́jú fún prọ́jẹ́ẹ̀tì mi, àwọ̀n ló jẹ ẹ́ ju ìdajì lọ, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra àwọ̀n!

Iṣẹ́ náà ò ju kí n dẹ àwọ̀n sókè dáàmù Ọpa ní Ifẹ̀ níbí, kí n tún dẹ ẹ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, kí n wá wo irú ẹja tó wà níbi tí omi ti dúró àti ibi tó ṣì ń ṣàn. 1978 ni wọ́n sé odò yẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti òṣùwọ̀n ò ṣòro, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn.

Àwọ̀n gan-an lẹjọ́. Ẹni tó tà á fún mi lọ́jà búra pé kò sẹ́ja tí ò lè mú. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ewé. Ọjọ́ kejì, epìyà kan ṣoṣo, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Bàbá apẹja tó ń wa ọkọ̀ fún mi ti ìka mẹ́ta bọ ojú àwọ̀n náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹja lo fẹ́ mú ni àbí ọ̀nì?" Ọjọ́ kẹta ló wá burú jù, àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n sé odò, kùkùté wọn ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀kan di àwọ̀n mú, a fà á títí, a gbọ́ fàà! Ó ya láàárín.

Mo padà lọ ra olójú kéékèèké, Bàbá ló yàn án. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ yẹn dáa! Lókè, epìyà ṣáá ni, torí omi tó dúró ló wù ú, etídò ló ń gbẹ́lẹ̀ yé ẹyin sí, òmíì ń fẹnu gbé e. Àrọ̀ ní tiẹ̀, tójò bá dé, ó fẹ́ gòkè lọ yé ẹyin sínú koríko tómi bò, ògiri dáàmù ti dínà, omi ìsàlẹ̀ náà ò sì kún bó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀. Ní Káínjì náà, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọya ní 1968, àwọn ẹja ẹlẹ́nu gígùn bí ọwọ́jà erin dín kù gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ mú apẹja dání lọ sọ́jà, ẹ má dá lọ bíi tèmi.

Àwọ̀n àkọ́kọ́? Ẹni tó tà á ò gbà á padà, mo bá fi ṣọgbà adìyẹ fún màmá mi. Ó mú àkùkọ kan lánàá.