Bí mo ṣe fi iṣẹ́ lé àwọn olórí kékeré lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù wa

Òjò ti ń ṣú nígbà tí a tú àgọ́ kẹta jáde nínú àpò rẹ̀, kò sì sí èèkàn kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo pe ọmọkùnrin tí báàjì olùtọ́jú ẹrù wà lápá rẹ̀, ọmọ ọdún 13, mo bi í pé níbo ni èèkàn wà. Ó wo báàjì náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èmi ni mo máa ń kà á."

Òótọ́ ló sọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ka ẹrù ẹgbẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú káńpù, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mi ò kà á. Àwọn ọmọ tó yẹ kó sùn nínú àgọ́ kẹta lọ há mọ́ àwọn tó kù. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe èèkàn ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ yìí ti gbé báàjì kiri fún oṣù mẹ́rin, a ò sì fún un ní iṣẹ́ kankan.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ níbí, bóyá ẹlòmíì tó ń bójú tó àwọn ọmọ Síkáòtù á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ jókòó ti gbogbo ọmọ tó di ipò mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan péré ni mo bi wọ́n: "Kí lo máa ń ṣe?" Mi ò béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe o, ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ni mo béèrè. Olórí pátíróòlù kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí a pín àwọn ọmọ sí, ní òun máa ń dúró níwájú tí a bá tò. Akọ̀wé ní òun ò tíì kọ nǹkan kan rí, torí ọ̀kan nínú àwa àgbà ló máa ń kọ ọ́. Olórí àgbà, ìyẹn ọmọ tó yẹ kó jẹ́ olórí gbogbo pátíróòlù, ní òun máa ń pariwo pé kí wọ́n tò. Mo kọ iṣẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan sápá òsì ìwé, mo wá kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é sápá ọ̀tún. Orúkọ mi ló kún apá ọ̀tún yẹn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn olùrànlọ́wọ́ mi méjì.

Ìtìjú bá mi, torí mo mọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, pátíróòlù mẹ́rin ló pín wọn sí: Ìkookò, Akọ Màlúù, Ẹyẹ Ìwò àti Curlew, ẹyẹ etí omi kan tí ẹnu rẹ̀ gùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni olórí ní pátíróòlù kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń dáhùn fún ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà gbogbo, wọn ì báà wà ní káńpù tàbí kí wọ́n jáde. Bí alẹ́ bá lẹ́, pátíróòlù kan á gba oúnjẹ tútù, á lọ síbi tí a ti yàn fún un, wọ́n á dáná fúnra wọn, wọ́n á yan ẹ̀ṣọ́, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n o. Àwa tí a wá lẹ́yìn, a ti gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ ọmọ díẹ̀díẹ̀, a sì fi báàjì sílẹ̀ fún wọn.

Ohun kejì tí mo ṣe ni pé mo dín ipò kù. Ọmọ 22 la ní, ipò 11 ló wà. Mo mọ ohun tó fà á. Nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù ti Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ọmọ tó fẹ́ gba ìgbéga sí ìpele tí wọ́n ń pè ní Star gbọ́dọ̀ ti di ipò kan mú fún oṣù 4, ti Life tó tẹ̀ lé e jẹ́ oṣù 6, ti Eagle tó ga jù náà oṣù 6. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ níbikíbi tí ìgbéga bá ti so mọ́ ipò, àgbà tó láàánú lójú á fẹ́ wá ipò fún gbogbo ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò síṣẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní tèmi, ó sàn kí ọmọ dúró díẹ̀ de ipò gidi ju kó fi oṣù 6 kọ́ bí a ṣe ń jẹ oyè lásán. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ni olórí àgbà àti igbákejì rẹ̀, olórí pátíróòlù mẹ́ta, akọ̀wé, olùtọ́jú ẹrù, àti amọ̀nà tó ń mójú tó àwọn ọmọ tuntun. Olórí pátíróòlù kọ̀ọ̀kan ló ń yan igbákejì tirẹ̀.

Mo wá kọ iṣẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan sórí ìlàjì ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, torí mo fi òfin kan de ara mi: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fojú rí pé ó ti ṣe é tàbí kò tíì ṣe é. "Jẹ́ àpẹẹrẹ rere" ni mo kọ́kọ́ kọ fún olórí pátíróòlù. Mo fa igi lé e. Mo kọ èyí dípò rẹ̀: bá gbogbo ọmọ pátíróòlù rẹ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, mọ ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ nínú wọn, kí ẹ tó kúrò nílé, kọ ẹni tó máa ṣẹ́gi, ẹni tó máa pọnmi, ẹni tó máa dáná àti ẹni tó máa fọ ìkòkò, gbé ọ̀rọ̀ wọn wá sí ìgbìmọ̀ àwọn olórí, kí o sì gbé ìpinnu ìgbìmọ̀ padà fún wọn. Ọmọ ọdún 12 lè ka èyí, kó sì mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbò la fi yan olórí. Pátíróòlù kọ̀ọ̀kan dìbò fún olórí tirẹ̀, gbogbo ọmọ sì jọ dìbò fún olórí àgbà. Bébà kékeré la lò, a ká a, a jù ú sínú fìlà. Mo ka iṣẹ́ ipò náà sétígbọ̀ọ́ wọn kí wọ́n tó dìbò, mo sì rò pé ìyẹn ló yí nǹkan padà, torí ẹni tí mo rò pé wọ́n á mú kọ́ ni wọ́n mú fún olórí àgbà. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n yàn. Mo bi ọmọ kékeré kan pé kí ló dé tó fi dìbò fún un. Ó ní, "Òun ló dúró dè mí lọ́jọ́ tí bàtà mi já, sà." Ọmọbìnrin náà ló wá yan akọ̀wé, olùtọ́jú ẹrù àti amọ̀nà, èmi kàn gbà á nímọ̀ràn ni. Ọmọkùnrin tí mo bi ní ìbéèrè èèkàn náà ló tún mú fún ẹrù. Inú mi dùn gan-an.

Yàrá ẹrù ni mo ti pẹ́ jù. Ọ̀nà ìkọ́ni tí àwọn Síkáòtù Amẹ́ríkà ń lò ni mo bá lọ, torí kò ṣòro rárá: ṣàlàyé fún un, ṣe é lójú rẹ̀, jẹ́ kó ṣe é kí o máa tọ́ ọ sọ́nà, lẹ́yìn náà fi í sílẹ̀. A tú àgọ́ kìn-ín-ní sílẹ̀, mo ka òpó, okùn àti èèkàn rẹ̀, mo kọ ọ́. A jọ ka ìkejì. Ó dá ka ìkẹta, mo jókòó sórí àpótí. Ó ka èèkàn lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan tí èmi kì í ṣe. Mo fi ibi tí omi ti wọ aṣọ àgọ́ kan hàn án, ó fi ọwọ́ pa á, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, mo sì sọ fún un pé tí a bá ká àgọ́ tútù pamọ́, á bu, aṣọ rẹ̀ á sì jẹra. Òun ló dábàá pé ká kun orí èèkàn ní ọ̀dà, kí pátíróòlù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ó fa ìlà sínú ìwé: ohun tó jáde, ẹni tó gbà á, bó ṣe padà wá. Kó tó lọ sílé, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan.

Ìgbìmọ̀ àwọn olórí pátíróòlù ló le jù fún èmi fúnra mi. Olórí àgbà ló ń darí rẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹnì kan béèrè ibi tí a máa pàgọ́ sí, ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi, ni mo bá dáhùn. Bí mo ṣe dáhùn báyìí, ìpàdé parí, torí látìgbà yẹn èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé kejì, mo gbé àga mi lọ sẹ́yìn olórí àgbà, níbi tí wọn ò ti lè wo ojú mi láìkọ́kọ́ wo tirẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ gbáà. Ẹnu ń yún mi. Olórí àgbà wá sọ pé, "Ó dáa, kí kálukú sọ ibi kan àti ìdí kan." Iṣẹ́jú ogún ni wọ́n fi bá a sọ, wọ́n sì fẹnu kò.

A jọ fi ààlà kan sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ omi, iná, àáké, oògùn, àti pé àgbà méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àwa la máa dáhùn fún un, a ò ní dìbò lé e lórí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tiwọn ni.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ lọ geerege. Ní káńpù tó tẹ̀ lé e, olórí pátíróòlù kan ò pín iṣẹ́ kó tó kúrò nílé. Igi ò sí, omi ò sí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jiyàn. Olùrànlọ́wọ́ mi dìde, mo dì í lọ́wọ́ mú. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó jẹun. Nígbà tí wọ́n fọ abọ́ tán, mo lọ bá ọmọ náà níkọ̀kọ̀, mo sì bi í pé kí ló máa ṣe lọ́la. Omijé wà lójú rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi kọ orúkọ mẹ́fà sórí bébà, iṣẹ́ kan níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ èyí tó yẹ kó fún ta ni.

Ipò akọ̀wé ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Ọmọ náà ń kọ àkọsílẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kà á, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Olórí àgbà ní kó máa ka ìpinnu ìpàdé tó kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òmíì. A ń wò ó bóyá á ṣiṣẹ́.

Oṣù mẹ́fà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ipò sì yí. Mo kọjá lẹ́nu yàrá ẹrù, mo gbóhùn olùtọ́jú ẹrù wa níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin tó fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tú àgọ́ kan sílẹ̀. "Mo ti ka ọ̀kan, a ti jọ ka ọ̀kan. Ó yá, ka èyí." Ó jókòó sórí àpótí, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń dúró dè é.