Ọkọ̀ sójà àlòkù fún ìgbé-jáde ojoojúmọ́: ohun tẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ọkọ̀ mi yìí wọ ọjà Kàbà làwọn èèyàn ti ń dá mi dúró, wọ́n á ní ibo lo ti rí ọkọ̀ sójà yìí, èló ni wọ́n ń tà á, ṣé èmi náà lè ra irú ẹ̀. Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan ó ti sú mi, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè rí i kà.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Tí oko yín bá wà nínú Bùnú lọ́hùn-ún, àbí lẹ́yìn Ìsánlú níbi tí ọ̀nà ti máa ń di ẹrẹ̀ tójò bá ti dé, tó jẹ́ iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí kaṣú lẹ ń kó jáde, tí ọkọ̀ kan náà ló tún máa gbé yín lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ sójà máa ṣe yín lóore gan-an. Àmọ́ tó bá jẹ́ láti ilé sí ọ́fíìsì lórí ọ̀dà ni, ẹ ra Hilux tòkunbọ̀, mo bẹ̀ yín. Ọkọ̀ sójà ń pariwo, inú ẹ̀ gbóná, kò ní ẹ́síì, sítíárì ẹlòmíì nínú wọn wúwo débi pé apá á máa dùn yín lálẹ́, kò sì ní sáré. Tèmi, 80 kílómítà ní wákàtí kan ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, tírélà sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ọ̀bájànà á máa yà mí sílẹ̀, mi ò sì bá wọn dù ú.

Kẹ́ ẹ tó wo bọ́dì tàbí táyà, ẹ́ńjìnì ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ló máa tún un ṣe ní Kàbà tàbí Mopà tó bá kú sójú ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ 911, lọ́rì tó kó pákó, iṣu àti kòkó láti ayé àwọn bàbá wa. Ẹ́ńjìnì OM352 tó wà nínú ẹ̀, sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, dísù, tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan lára, òun náà ni wọ́n gbé sínú Unimog U1300L, ọkọ̀ Mercedes tí àwọn sójà Jámánì lò. LA 911 náà wà, 911 ni òun gan-an, àmọ́ táyà iwájú àti tẹ̀yìn ẹ̀ ló jọ ń fà. Ẹ wá wò ó, mẹkáníìkì tó bá ti tú 911 rí á tú eléyìí láìbẹ̀rù, gásíkẹ́ẹ̀tì, písítìnì, nósù, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí rà ní Ládípọ̀ l'Ékòó àbí ní Panteka ní Kaduna. Lọ́rì Steyr náà kò burú, torí wọ́n tò ó ní Bauchi níbí láyé ìjọ́sí, àwọn àgbà mẹkáníìkì ṣì mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí mo máa ní kẹ́ ẹ rọra fi sílẹ̀ rèé. Unimog 404, ó rẹwà, ó kéré, ó máa wù yín, àmọ́ pẹtiróòlù ló ń mu, ẹ́ńjìnì lítà 2.2 tí agbára ẹ̀ jẹ́ ẹṣin 82 péré, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023 ta ló fẹ́ máa bu epo sí irú ẹ̀ lójoojúmọ́. Bedford àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lágbára, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni sítíárì púpọ̀ nínú wọn wà, àwa sì ti kúrò lápá òsì ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Róòdù Séfúti kò ní gbà fún yín, ẹ̀yin gan-an kò sì ní rí iwájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya tírélà. M35A2 ti Amẹ́ríkà, onítáyà mẹ́wàá yẹn, òun ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì fẹ́ sọ ohun tójú mi rí.

Ẹ́ńjìnì ẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é kó lè jó dísù, kẹrosíìnì, kódà pẹtiróòlù tó bá di dandan. Ẹni tó tà á fún mi sítáàtì ẹ̀, ó dún, inú mi dùn, mo sanwó. Mi ò wọ abẹ́ ẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ń ti ọ̀nà Ìyámóyè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu, mo dé ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ pátápátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gíà ni mo fi ń fà á sẹ́yìn, mo fa háńbíréèkì, mo sì darí ẹ̀ wọ inú igbó. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tá a tú u, rọ́bà inú sílíńdà bíréèkì táyà kan ṣoṣo ló ti gbẹ torí ọkọ̀ yẹn ti dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀, ọ́ìlì sì ti jò jáde. Bíréèkì M35A2 yẹn, ojú kan ṣoṣo ni ọ́ìlì ẹ̀ ń gbà, tí ibì kan bá ti jò, táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pàdánù bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti U1300L pín sí méjì, bí ọ̀kan bá lọ ìkejì á ṣì mú un.

Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kílómítà kékeré tàn yín. Ọkọ̀ sójà lè má tíì rìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdúró ló ń ba tiwọn jẹ́. Rọ́bà á gbẹ, táǹkì á dípẹtà, omi á wọnú ọ́ìlì.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì yín láti ilé, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà á, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti aṣọ tó lè dọ̀tí dání. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má sítáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Kó sítáàtì ní tútù lójú yín, èéfín funfun díẹ̀ tó lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan kò burú, èéfín búlúù tí kò lọ túmọ̀ sí pé ó ń mu ọ́ìlì, dúdú tó ṣú pẹ̀lú pé ẹ kò tíì kó ẹrù, nósù tàbí pọ́ǹpù ló ń pè yín yẹn. Atẹ́gùn ló ń ran ọ́ìlì bíréèkì lọ́wọ́ nínú wọn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn yẹn kún títí ọwọ́ gééjì á fi dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èèyàn dákẹ́, ẹ tẹ́tí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣíííí níbì kan, tàbí tí ọwọ́ gééjì ń sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń jò.

Ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ báyìí. Ẹ fi òòlù máa kan ṣáṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn, irin tó dáa á dún gan, èyí tí ìpẹtà ti jẹ á dún bí páálí. Tó bá jẹ́ Unimog, ẹ wo ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, gíà kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì tiẹ̀, òun ló jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì kán sílẹ̀, tó bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀, owó ńlá nìyẹn.

Táyà ńkọ́? Ẹ wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà sójà máa ń ní ara tó nípọn tí ojú sì máa tàn yín pé ó ṣì tuntun, nígbà tó ti lé lógún ọdún, á sì máa yọ̀ lórí ọ̀dà tójò bá rọ̀. Ẹ mọ sáìsì ẹ̀ pẹ̀lú, 9.00-20 lẹ máa rí rà torí àwọn lọ́rì wa ń lò ó, ṣùgbọ́n 12.5-20 ti Unimog, ẹ máa wá a kiri.

Ríìmù tó ní rìngì irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú ti 911 àti M35, ẹ dákun, ẹ má fi ṣeré. Tí rìngì yẹn bá fò jáde pẹ̀lú atẹ́gùn nínú ẹ̀, ó ń pààyàn. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà kọ́kọ́ tú atẹ́gùn tán pátápátá kó tó fọwọ́ kan rìngì, tó bá sì ń fẹ́ ẹ padà kó fi ṣéènì dì í tàbí kó gbé e sínú kéèjì irin, kí ọmọdé má sì dúró nítòsí.

Iná ọkọ̀ sójà, fólúùtì 24 ni, bátìrì méjì onífólúùtì 12 ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń já wáyà lára bátìrì kan láti fi tan rédíò tàbí ṣájì fóònù, kò ní pẹ́ tí bátìrì yẹn á fi kú tí á sì pa ìkejì mọ́ ara ẹ̀. Ẹ ra kọ̀nfátà 24 sí 12, ó pin. Rewáyà tó ń ṣe tírélà ló mọ̀ ọ́n, ẹ má gbé e fún tàwọn Corolla.

Epo wá ńkọ́. M35A2 mi ń mu bíi lítà 30 fún 100 kílómítà, Unimog tí mo ń gbé báyìí wà ní bíi 25. Láti Kàbà sí Lọ́kọ́ja tó bíi 80 kílómítà, àlọ àtàbọ̀ yẹn lítà 40 ni. Ẹ fi iye dísù tòní ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọkàn sí ọkọ̀. Ẹ má sì ra dísù dúdú tí wọ́n ń tà nínú jálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń jẹ pọ́ǹpù.

Ọ̀rọ̀ pépà ló kù, ibẹ̀ ló sì ti ń bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Ilé iṣẹ́ bíi VEBEG ní Jámánì àti GovPlanet ní Amẹ́ríkà ló ń ta ọkọ̀ àwọn sójà wọn, ẹ lè wo iye owó níbẹ̀, àmọ́ ti Amẹ́ríkà máa ń béèrè fọ́ọ̀mù pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Kọ́sítọ́ọ̀mù wa náà sì ní ọjọ́ orí tí ọkọ̀ àlòkù kò gbọ́dọ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ́ rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ti ju ogójì ọdún lọ. Èyí tó ti wà nílùú, tí pépà Kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀ pé, tàbí tí wọ́n tà ní gbàǹjo ìjọba pẹ̀lú rìsíìtì, ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà. Kí nọ́ńbà ṣáṣì bá ti inú pépà mu, ẹ fi ojú ara yín kà á.

Ẹ kùn ọkọ̀ náà ní àwọ̀ mìíràn kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Búlúù ni tèmi. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí, ọkọ̀ aláwọ̀ sójà tí kì í ṣe sójà ló wà nínú ẹ̀, àwọn sójà tó wà ní ṣẹ́kípọ́ìntì á fura sí i, àwọn tó wà nínú igbó náà á rò pé sójà ni. Láísẹ́ǹsì Class B tí púpọ̀ nínú wa ní, ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wà fún, ẹ lọ gba Class E.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé, ẹ má kó ẹrù sínú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì, ti ẹ́ńjìnì, gíà, ìdí táyà, gbogbo ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì àti rọ́bà sílíńdà bó ti wù kó dáa lójú tó, ẹ tú táǹkì epo ẹ fọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ sì máa fa omi jáde nínú táǹkì atẹ́gùn lálaalẹ́, wáyà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ máa fà, omi á tú síta, tó bá ti ku atẹ́gùn nìkan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀.