Johannes méjì nínú ìwé ìsàmì kan

Ìbéèrè tí ìdílé kan gbé wá bá mi kò gùn: ta ni bàbá John Snyder, àgbẹ̀ kan tó kú sí Schuylkill County ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1840? Snyder kọ́ ni wọ́n ń jẹ́ gan-an. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà láyé, ni mo ṣe fi orúkọ míì bò wọ́n, mo sì mú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Jámánì tó tẹ̀dó síbẹ̀ bí Àjàyí ṣe wọ́pọ̀ láàárín wa. Ìdáhùn ló gùn. Ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò kan náà, nígbà kan náà. Ìwé ìkànìyàn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì, kò sì lè sọ èwo ni ẹni tí mò ń wá. Àwọn onígbọ̀wọ́ tó dúró fún ọmọ wọn níbi ìsàmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹbí mọ̀ dájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo wá ń padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìkànìyàn 1880 ló kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí baálé ilé, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Ti 1850 ló kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Nínú ti 1850 yìí mo rí ọmọ John, mo sì rí Catharine Snyder, ẹni ọdún 74, nínú ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tí kò lọ́kọ, tàbí opó àbúrò bàbá rẹ̀. Ìwé ọdún yẹn kò sọ ìbátan rárá, nítorí náà mo fi àmì ìbéèrè sí i lára. Ọ̀pọ̀ ìwé ìran tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́ níbí gan-an: ẹni tó ṣe é fi "ìyá" síbi tí akànìyàn kò kọ nǹkan kan sí.

(Ẹni tó bá ń wá ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà kò ní rí irú ìrọ̀rùn yìí. Nínú ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860, orúkọ olówó wọn ló wà níbẹ̀. Tiwọn kò ju ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní orúkọ nínú ìkànìyàn àfi ní 1870. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀.)

Láti 1790, tí wọ́n kọ́kọ́ kànìyàn, títí dé 1840, orúkọ baálé ilé nìkan ni ẹ máa rí. Iye ni wọ́n fi àwọn yòókù ṣe, lábẹ́ ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Àwọn kan máa ń fo ìwé wọ̀nyí torí pé kò sí orúkọ nínú wọn, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí ọdún ìbí John. Ní 1830, ìsọ̀rí 50 sí 60 ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ilé rẹ̀ wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni wọ́n fi ka ọjọ́ orí lọ́dún yẹn, nítorí náà wọ́n bí i láàárín oṣù kẹfà 1770 sí oṣù kẹfà 1780. Ní 1820, ó wà lábẹ́ 45 sókè. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni wọ́n fi kà á, kò sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn oṣù kẹjọ 1775 ni wọ́n bí i. Ti 1810, 26 sí 45, kò fi nǹkan kan kún un, kò sì ta kò ó. Ti 1800 náà jẹ́ 26 sí 45, ṣùgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́ jù: ẹni tó ti pé 26 ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1800 kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn oṣù kẹjọ 1774. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ku oṣù kẹfà 1770 sí oṣù kẹjọ 1774. Ọdún mẹ́rin péré ló kù tí mo ní láti wò nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun méjì ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́. Ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ilé lè má jẹ́ baálé ilé. Bàbá arúgbó lè wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan ṣoṣo kì í fi í tó, àfi kí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin bára mu. Èkejì wà nínú ti 1820 nìkan: wọ́n fi òpó kan sí i fún ọmọkùnrin 16 sí 18, wọ́n sì tún ka àwọn ọmọ náà mọ́ 16 sí 26. Ẹni tó bá ro méjèèjì pọ̀ á fún bàbá náà ní ọmọkùnrin tí kò bí.

Nígbà tí mo dé 1810, John kò sí ní Schuylkill mọ́. Berks County ni mo ti bá a, ní Brunswick, táúnṣípù kan (ìpín kékeré lábẹ́ county) níbẹ̀. Kò kó kúrò níbì kankan. Ọdún 1811 ni wọ́n gé Schuylkill jáde lára Berks àti Northampton. Ààlà ló ré kọjá lórí oko rẹ̀. Berks fúnra rẹ̀, 1752 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti ara Philadelphia, Chester àti Lancaster. Kí n tó wá ìwé kankan, mo kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sí òkè ìwé iṣẹ́ mi, nítorí pé ibi tí oko náà wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé ni ìwé náà ń gbé. Ìwé ìhágún àgbẹ̀ Brunswick tó kú ní 1805, Reading tó jẹ́ olú ìlú Berks ni ẹ máa wá a lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ pọ̀ ju báyìí lọ, àmọ́ mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo wá Snyder, Snider, Sneider, Schneider àti Schnyder, mo sì wá Taylor pẹ̀lú, torí aránṣọ ni Schneider túmọ̀ sí, àwọn kan sì túmọ̀ orúkọ wọn pátápátá. Ibi tí atọ́ka orúkọ kò ti rí wọn, mo ka ojú ìwé táúnṣípù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń kọ ilé mẹ́wàá tó ṣáájú àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, nítorí àwọn aládùúgbò ló máa ń padà wá di àna àti onígbọ̀wọ́. Tí ẹ bá rí i pé gbogbo orúkọ tò láti A dé Z, akànìyàn ti tún un tò nìyẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò nínú rẹ̀ mọ́.

Ní Pennsylvania, ọdún 1906 ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ohun tó wà ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn Lutheran àti Reformed, ìjọ Kristẹni méjì láàárín àwọn Jámánì náà, sábà máa ń pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé ìjọsìn kan, tí wọ́n á máa lò ó ní Sunday tí kò bá ara wọn, nítorí náà ìwé méjì ni mo béèrè, kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn pásítọ̀ tún ń rin ìrìn àjò láti ìjọ dé ìjọ, àwọn míì sì ń gbé ìwé tiwọn kiri: John Caspar Stoever kọ ìsàmì àti ìgbéyàwó tó ṣe káàkiri sínú ìwé ara rẹ̀ láti 1730 lọ. Tí ọmọ kan bá sọnù nínú ìwé ìjọ, ẹ wo ti pásítọ̀. Tó bá sì jẹ́ Mennonite, ìjọ Kristẹni míì, ni ìdílé náà, ẹ má wulẹ̀ wá ìsàmì ọmọ ọwọ́. Wọn kì í ṣe é.

Àwọn kan ti túmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n. Mo fi èyí tí wọ́n tẹ̀ wá ojú ìwé, lẹ́yìn náà mo lọ wo àwòrán ojúlówó rẹ̀. FamilySearch, ìkànnì ìwé ìran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba owó, ẹ ṣáà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àwòrán kan kì í ṣí àfi ní ibùdó wọn. Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń fo onígbọ̀wọ́ tí kò bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé náà kà. Nínú èyí tí mo lò, onígbọ̀wọ́ ọmọ mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà nínú ojúlówó.

Bí wọ́n ṣe sábà ń to ọ̀rọ̀ nìyí: orúkọ ọmọ, "geb." àti ọjọ́ ìbí, "get." àti ọjọ́ ìsàmì, àwọn òbí, lẹ́yìn náà "Zeugen", ìyẹn àwọn onígbọ̀wọ́. Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́, "e" jọ "n", wọ́n sì ń fi àmì kékeré sórí "u" kó má baà jọ "n" náà. "7br" kì í ṣe oṣù keje. September ni, oṣù kẹsàn-án. "8br" ni oṣù kẹwàá, "9br" ni oṣù kọkànlá, "Xbr" ni oṣù kejìlá. Obìnrin tí wọ́n bá pè ní "Schneiderin", Schneider náà ni. "-In" yẹn kò ju àmì obìnrin lọ, kì í ṣe ìdílé míì. "Gebohrne" ló ń ṣáájú orúkọ ilé bàbá obìnrin tó ti lọ́kọ, ẹ di í mú tí ẹ bá rí i, torí kì í pọ̀. "Ledig" ni ẹni tí kò tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ. Àmì † lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ ń sọ pé ọmọ náà kú. Wọ́n sì máa ń fún ọmọ tó tẹ̀ lé e ní orúkọ òkú náà, nítorí náà ìsàmì àkọ́kọ́ tó bá orúkọ mu kọ́ ni kí ẹ dì mọ́.

Orúkọ àkọ́kọ́ náà ní ètekéte tirẹ̀. Ọmọkùnrin márùn-ún nínú ilé kan lè jẹ́ Johann Georg, Johann Heinrich, Johann Adam, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè wọ́n. Georg ni Johann Georg nílé àti lójà, George ló sì máa jẹ́ nínú ìkànìyàn. Ẹni tó ń jẹ́ John ní tòótọ́ sábà máa ń jẹ́ Johannes, láìsí orúkọ míì lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́rin tí mo ní, Johannes Schneider méjì ló wà nínú ìwé náà. Wọ́n bí ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1771 fún Georg àti Anna Maria. Wọ́n bí ìkejì ní oṣù kọkànlá 1773 fún Jacob. Kò sí † lára ìkankan. Àwọn méjèèjì dàgbà, wọ́n gbéyàwó, ọ̀kan fẹ́ Catharina, ọ̀kan fẹ́ Elisabetha. Pásítọ̀ tó so wọ́n pọ̀ kò kọ orúkọ bàbá ìkankan.

Mo fa òpó méje sórí ìwé: ọmọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìsàmì, bàbá, ìyá, onígbọ̀wọ́, ojú ìwé. Mo kọ gbogbo ọmọ Schneider tí wọ́n sàmì fún láti 1765 dé 1820 síbẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tí mo rò pé wọ́n kàn mí nìkan, mo sì kọ orúkọ bí mo ṣe rí i láìtún un ṣe. Johannes àti Catharina ní ọmọ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Georg àti Anna Maria ló ṣe onígbọ̀wọ́ àkọ́bí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Georg. Heinrich Schneider, "ledig", ló dúró fún ìkẹta. Margaretha Schneiderin, "ledig", fún ìkẹrin. Heinrich àti Margaretha yìí, ọmọ Georg ni wọ́n nínú ìwé ìsàmì kan náà. Lọ́dọ̀ Johannes àti Elisabetha, ìdílé Jacob ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pàdé: Jacob dúró fún ọmọ Catharina kan, èyí tó jẹ́ kí n máa fura pé ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni Georg àti Jacob. Ìfura ni mo pè é nínú ìwé tí mo fi jíṣẹ́.

Òkúta ibojì John ló wá fi èdìdì dì í. Ó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 1844, ẹni ọdún 73, oṣù 5 àti ọjọ́ 20. Ẹ yọ ọdún, ẹ yọ oṣù, ẹ yọ ọjọ́, ní ìtẹ̀léra yẹn: 3 oṣù kẹsàn-án 1771, 3 oṣù kẹrin 1771, 14 oṣù kẹta 1771. Ká ní ọjọ́ mélòó kan ló fi yàtọ̀, mi ò bá má bínú, nítorí pé 1 àti 7 máa ń jọra lórí òkúta tó ti ṣá. Ìwé ìhágún Georg tó wà ní Reading dárúkọ John láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì pe Margaretha ní orúkọ ọkọ rẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ mọ ọkọ̀ òkun tó gbé Georg wá. Láti 1727 ni àwọn ọkùnrin Jámánì tó jẹ́ ẹni ọdún 16 sókè ti ń búra ní Philadelphia tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé. Georg Schneider inú ìwé náà ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìbuwọ́lùwé, àmọ́ àgbélébùú ni Georg fà sórí ìwé ìhágún rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́, ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàmì ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1769, mi ò sì kọ ohunkóhun síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ ọkọ̀.