Ẹ Ya Èèpo Iṣu Sọ́tọ̀: Bí A Ṣe Ń Bá Àwọn Olóúnjẹ London Sọ Ọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé oúnjẹ kan máa ya pàǹtí oúnjẹ sọ́tọ̀, kó má bá ọ̀gá nìkan sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ló ń buwọ́ lùwé, òun ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí òkìtì iṣu wà níwájú rẹ̀, òun ló máa pinnu ibi tí èèpo máa bọ́ sí. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnnì olóúnjẹ kan ní Old Kent Road rí. Ní báyìí, èmi àti ẹgbẹ́ àwọn onísọ́ọ̀bù àdúgbò wa la jọ ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti Peckham títí dé Deptford. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni mo kọ síbí, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀ nílẹ̀ England.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin, kí ẹ má baà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 31 March 2025 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Simpler Recycling ti mú gbogbo ibi iṣẹ́ ní England tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́wàá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ya pàǹtí oúnjẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì yọ bébà, páálí, ike, agolo àti ìgò kúrò lára ìdọ̀tí yòókù. Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́wàá ní àyè títí di 31 March 2027. Gbogbo ẹ̀ka ni wọ́n ń kà pọ̀ o. Ẹni tó ní búkà ní Peckham, tó tún ní òmíràn ní Woolwich, kó má rò pé òun kéré. Àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ìdajì-ìdajì, ẹnì kan ni wọ́n jẹ́ nínú ìkà náà. Scotland ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2014, Wales láti April 2024. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, Environment Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní England, ló máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe káńsù. Ipa tí káńsù ń kó ni pé ọ̀pọ̀ wọn ní ọkọ̀ tó ń bá àwọn oníṣòwò kó pàǹtí oúnjẹ, bí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà ti ń ṣe é. Ọwọ́ oníṣòwò ló kù sí láti mú èyí tó bá a lára mu.

Ẹ mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin wọlé. Tí ẹ bá fi òfin wọlé, wọ́n á rò pé ìjọba ló rán yín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí ọ̀sán bá ti rọlẹ̀, tí èrò ọ̀sán ti lọ, tí ti alẹ́ kò tíì dé. Ẹ kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ igbá." Ẹ ra oúnjẹ, ẹ jókòó jẹ ẹ́, ẹ sanwó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń san lórí ìdọ̀tí lóṣù?" Ìyá kan wà tó ti fi ọwọ́ dá mi dúró tẹ́lẹ̀ pé òun kò ráyè ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Nígbà tí mo béèrè owó ìdọ̀tí, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú fáìlì wá lẹ́yìn káńtà. "Wò ó, ọmọ mi, wọ́n tún ti fi kún un." Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kan péré. Lọ́jọ́ náà, kí gbogbo èèpo, eegun àti àjẹkù orí àwo máa lọ sínú garawa tiwọn. Tó bá di alẹ́, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran tàbí iṣu, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì bá yín gbé e. Ó máa wúwo ju bó ṣe rò lọ, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi ẹ̀fọ́. Omi yẹn ló ń sanwó lé lórí. Àwọn akólẹ̀ kan máa ń bu owó léni tí bíìnì bá wúwo kọjá ìwọ̀n. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, iléeṣẹ́ SELCHP wà nítòsí South Bermondsey, wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí níbẹ̀ láti 1994 láti fi mú iná mànàmáná jáde. Ẹ bi ọ̀gá pé kí ni wọ́n fẹ́ fi iná jó lára èèpo iṣu tútù. Èyí tí wọn kò bá sì jó, tí wọ́n lọ dà sí ààtàn, owó orí tí ìjọba gbà lórí tọ́ọ̀nù kan láti April 2025 di March 2026 jẹ́ £126.15, kí a tó ka owó ọkọ̀. Lọ́nà kan tàbí òmíràn, orí oníṣòwò ni owó yẹn ń já sí.

Tí wọ́n bá bi yín léèrè pé níbo wá ni èyí tí a yà sọ́tọ̀ ń lọ, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní kúkúrú. Inú àgbá ràgàjì kan ni wọ́n ń dà á sí, tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ́, gáàsì á sì máa jáde lára rẹ̀. Wọ́n ń fi gáàsì náà tan iná, tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n dà á sínú páìpù tó ń gbé gáàsì lọ sílé àwọn ènìyàn. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ajílẹ̀ ni, oko ló ń lọ. Tó bá jẹ́ orí ààtàn ni oúnjẹ yẹn ti jẹrà, gáàsì kan náà ni, ojú sánmà ló máa gbà lọ, ó sì ń mú ayé gbóná kíá ju carbon dioxide, èéfín tó ń jáde lára ọkọ̀, lọ. Mo máa ń sọ èyí fún wọn tọkàntọkàn, nítorí ó ká mi lára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti wọn garawa tán ni.

Ibi tí owó wà gan-an

Ibi yìí ni kí ẹ dúró sí dáadáa. Bíìnì oúnjẹ nìkan kò lè dín owó kankan kù. Ohun tó ń dín in kù ni kí wọ́n dín bíìnì gbogboogbò, èyí tí wọ́n ń da ìdọ̀tí yòókù sí, kù lọ́jọ́ kan náà. Ká ní wọ́n ń gbé bíìnì gbogboogbò lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, £20 lẹ́ẹ̀kan; £100 nìyẹn. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta á tó, ó di £60. Bíìnì oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, £10 lẹ́ẹ̀kan, £20. Àpapọ̀ £80. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, £120 ni wọ́n ń san, inú á bí wọn, wọ́n á sì sọ fún gbogbo ọjà pé ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn burúkú. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo kọ yìí. Ẹ fi iye tó wà nínú ìwé wọn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò náà lórí bébà lójú wọn.

Nítorí èyí, ẹ ka ìwé àdéhùn wọn pẹ̀lú wọn. Ẹ wá ọjọ́ tó máa parí, àti iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń tún ara rẹ̀ dá fún ọdún mìíràn bí oníṣòwò kò bá sọ̀rọ̀ lásìkò. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fóònù tiyín náà. Tí àdéhùn kò bá tíì parí, wọ́n ṣì lè pe akólẹ̀ tí wọ́n ń lò pé kó mú bíìnì oúnjẹ wá, kó sì dín tọ̀hún kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Tí ó bá ti parí, kí wọ́n béèrè owó lọ́wọ́ káńsù àti ó kéré tán iléeṣẹ́ aládàáni méjì. Kí wọ́n béèrè iye tí bíìnì lè wúwo dé, irú ọ̀rá tí wọ́n gbà, bóyá wọ́n gba eegun ńlá àti ìkarahun ìgbín, àti ẹni tó ń fọ bíìnì.

Ẹni tó bá wá pẹ̀lú fáànù rẹ̀ pé òun á máa kó o ní pọ́ọ́kú, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akólẹ̀ tí Environment Agency gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, tó sì lọ dà á sí kọ̀rọ̀ kan, oníṣòwò náà lè jẹ́jọ́. Ìwé tí akólẹ̀ bá fún wọn pé àwọn ti gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ wọn, ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pa á mọ́.

Nínú kíṣìnnì

Ẹ má gbé bíìnì síbi tó wù yín. Ẹ bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bùrọ̀dá kan tó ń bẹ iṣu wò mí títí nígbà tí mo gbé bíìnì kékeré náà sí apá ọ̀tún rẹ̀. "Àǹtí, ọ̀tún ni mo fi ń mú ọ̀bẹ. Òsì ni èèpo ń já sí." Ó fi ẹsẹ̀ tì í lọ sí òsì, ó ti tábìlì síwájú díẹ̀ kí ẹnu bíìnì lè yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èèpo ń já sínú rẹ̀ tààrà, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti ṣa á nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dín kù, ìyẹn ló sì mú kó máa ṣe é lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ.

Ibi méjì ni bíìnì kékeré gbọ́dọ̀ wà: ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan, àti ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọ àwo, níbi tí wọ́n ti ń gbọn àjẹkù dànù. Èyí tó wà níbi àwo ló máa ń bàjẹ́ jù, nítorí ẹni tó ń fọ àwo ń kánjú, ṣíbí àti tísù á bá a lọ. Ẹ gbé bíìnì tísù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kún bíìnì kékeré ju ìdajì lọ kí wọ́n tó lọ dà á síta. Tó bá kún, kò ní ṣeé gbé, ọ̀rá á sì ya.

Àwòrán tí káńsù máa ń fúnni, èso ápù àti búrẹ́dì ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà nínú kíṣìnnì yẹn gan-an: èèpo iṣu, eegun ẹran, igi ewédú, orí ẹja, èbà tó ṣẹ́kù. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bíìnì. Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín ló máa ń da àwọn ènìyàn rú jù: èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, tòun tewé ló ń wọlé bí akólẹ̀ bá gbà á, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí fóìlì sè, kí wọ́n tú u kúrò ná. Tí ọ̀rá, fóìlì àti agolo bá pọ̀ nínú bíìnì oúnjẹ, akólẹ̀ lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó gba owó ìdọ̀tí gbogboogbò lórí rẹ̀.

Òróró tí wọ́n fi dín àkàrà àti dòdò kò sí nínú èyí. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kó lọ, àwọn kan wà tó ń wá gbà á láti fi ṣe epo ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú síǹkì. Ní September 2017, wọ́n bá ọ̀rá tó ti dì lábẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel, 250 mítà ni gígùn rẹ̀, 130 tọ́ọ̀nù ni ìwọ̀n rẹ̀. Irú síǹkì tiwa ló kó o dé ibẹ̀.

Ẹnì kan á sáà sọ pé, "Ṣé ẹ ò lè wá ẹlẹ́ran ọ̀sìn kan kó wá máa kó o fún ewúrẹ́ rẹ̀?" Bó ṣe rí nílé nìyẹn, ó sì dára nílé. Níbí, láti 2001 tí wọ́n ti pa màlúù àti àgùntàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu, òfin kò gbà kí ohunkóhun tó ti wọ kíṣìnnì di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ì báà ṣe èèpo lásán. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má dán an wò.

Ẹ̀rù òórùn àti èkúté ni wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn èyí. Ẹ dá wọn lóhùn pé oúnjẹ kan náà ló wà nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó síta lálẹ́, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń ya kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bíìnì oúnjẹ tó dára ní ìdérí tó ṣeé tì pa. Kí wọ́n tẹ́ bébà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi bébà di orí ẹja, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé e. Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé ìtajà tóóró kan, tí kò sáyè bíìnì ńlá, ẹ bá onílé tàbí máníjà sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ padà lọ lẹ́yìn tí ìwé owó oṣù kejì bá ti dé. Ẹ wo bóyá wọ́n dín bíìnì gbogboogbò kù lóòótọ́, ẹ ṣí bíìnì oúnjẹ wò, kí ẹ sì kí àwọn tó wà nínú kíṣìnnì kí ẹ tó kí ọ̀gá. Tí òṣìṣẹ́ tuntun bá ti dé, ẹ jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹ má kọ́ ọ.

Àwọn ilé ìjọsìn wà nínú òfin yìí pẹ̀lú, a kì í sì í rántí wọn, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tó ń ṣẹ́kù nínú gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí kì í ṣe kékeré. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣètò gbọ̀ngàn, ẹ má lọ bá pásítọ̀ nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn pé olóúnjẹ ló máa kó ìrẹsì àti ẹran tó ṣì dára padà tàbí kó pín in, pé àjẹkù orí àwo á wọ bíìnì oúnjẹ, àti pé àwo ike kò gbọdọ̀ bá a lọ. Kí wọ́n pe akólẹ̀ fún bíìnì àfikún ní àárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di ọ̀sán Sátidé kí wọ́n tó wá a, ó ti pẹ́ jù.